Ibi Tí Títílọlá Ń Fi Bátìrì Pamọ́ Sí

Ní gbangba, lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Ìkọ̀lé, ní òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa, ọmọbìnrin kan ti ọwọ́ bọ àyà rẹ̀, ó wá a títí, ó sì fa ohun dúdú kékeré kan jáde bí ẹni ń fa ẹyin jáde lábẹ́ adìẹ. Ó fẹ́ èémí gbígbóná sí i, ó tì í bọ inú kámẹ́rà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya oòrùn tó ń yọ bọ̀ lókè oko kòkó.

Akínlolú, ọmọ ọmọ mi, rí gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí a kọ́ ọ nílé. Kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Ọkọ̀ rẹ̀ ló kọ̀ tí kò dìde, ó ti tì í títí ó fi làágùn nínú òtútù, ó wá fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, nígbà tí n kò sí níbẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Àwọn méjèèjì sọ ọ́ fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí wọn kò sì sọ gan-an ni mo mọ̀ jù. Mo ti dàgbà dé ibi tí eyín mi ń sùn nínú ife omi, tí èmi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìfàkì, mo ti rí i kó tó dé Ìkọ̀lé.

Ọmọbìnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, súwẹ́tà ọrùn rẹ̀ tó ènìyàn méjì wọ̀. Ọyẹ́ ti fi eruku kun ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún. Àmọ́ bó ṣe dúró lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn, ẹ ó rò pé òun ló rán oòrùn níṣẹ́.

"Ẹ kú òwúrọ̀ o," ni Akínlolú wí.

"Ẹ kú òwúrọ̀, sà." Kò yíjú.

"Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni. Kí ni ẹ yọ níbẹ̀ yẹn?"

Ó wá yíjú. "Níbo?"

Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ilẹ̀ àti ajílẹ̀ wá fi ìka kan ara rẹ̀ láyà. 

"Áà, ibẹ̀!" Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bátìrì ni, ẹ̀gbọ́n. Òtútù ló mú un. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ìrìn yẹn ló ń fún wa níná. Bí òtútù bá pọ̀, ìrìn náà á máa lọ́ra, kámẹ́rà á sì rò pé bátìrì ti tán. Kò tíì tán o. Ẹ gbé e síbi tó móoru díẹ̀, á jí. Èyí tó ṣì tuntun lè fara da irú ọyẹ́ tiwa yìí, ṣùgbọ́n tèmi ti dàgbà, kò lè fara da nǹkan kan mọ́."

Akínlolú wo ọkọ̀ rẹ̀. "Bátìrì tèmi náà kò jí láti àárọ̀. Kí ni kí n ṣe sí i?"

Ọmọbìnrin náà wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo àyà ara rẹ̀, ó mi orí. "Tiyín ti tóbi jù, ẹ̀gbọ́n. Kò sí àyà tó máa gbà á."

Ẹ̀rín tó pa àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin tó ń lọ sóko dúró láti wò wọ́n. Ó gbé kámẹ́rà kọ́ ẹ̀yìn, ó bá a ti ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dìde, Akínlolú kò lọ. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ́ kó máa kùn, ó ń bèèrè orúkọ.

Títílọlá ni, ọmọ Òsì-Èkìtì. Àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó kan ló gbéṣẹ́ fún un pé kó ya fótò sí kàlẹ́ńdà wọn. Bátìrì méjì ló ní, méjèèjì kì í kúrò ní àyà rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

"Ìbejì nìyẹn," ni Akínlolú wí. "Kí n gba nọ́ńbà yín, kí n lè máa bèèrè àlàáfíà wọn."

Ṣé ẹ rí ọmọ tí mo tọ́!

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má tẹ fóònù. "Báwo ni àwọn ìbejì?" Èsì á wọlé: "Táíwò ti jí. Kẹ́hìndé ń bínú." Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí bátìrì kò nílò àyà ẹnikẹ́ni mọ́, ó ṣì ń bèèrè àlàáfíà wọn. Títílọlá kò sì sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Akínlolú bá Títílọlá lọ sí Ìdó, níbi tí ọmọbìnrin náà ti fẹ́ ya fótò ọmọ tuntun kan. Ó ní kó bá òun di aṣọ funfun mú lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sójú ọmọ. Ó dì í mú títí apá fi ń ro ó.

"Ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n," ni Títílọlá wí nígbà tí wọ́n parí. Wọ́n ti kúrò ní "ẹ" nígbà yẹn, wọ́n ti dé "ìwọ".

"Ọwọ́ mi kò gbọ̀n," ni Akínlolú wí. "Má bèèrè ti ọkàn mi."

Títílọlá ń palẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ó ki bátìrì wọ inú àpò, ó tún yọ ọ́, ó tún tì í padà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, èmi fúnra mi ni mo sì bí ìṣòro náà. Mobọ́lá ni, ọmọ mi, ìyá Akínlolú. Ọ̀gá iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, agogo iléèwé ṣì ń dún lórí rẹ̀ títí dòní. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó mọ aṣọ òtútù hun, ó mọ bí a ṣe ń fi òwú kó òdòdó sára áńkáṣíìfù. Yorùbá iléèwé ló ń sọ, àfi bí inú bá bí i, nígbà náà ni Èkìtì tí mo fi tọ́ ọ á jáde.

"Onífótò?" ló wí. "Akínlolú, onífótò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Olúwafẹ́rànmí ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó níwà, ó níṣẹ́ oṣù."

"Ọlọ́run á bá a ṣe é, Mọ́mì. Títílọlá ni mo fẹ́."

"Uṣẹ́ kí ni onífótò ń ṣe? Bí bátìrì bá kú, uṣẹ́ kú nìyẹn! Ẹni tó ń kó bátìrì sáyà lójú títì lo fẹ́ mú wọ ulé mi?"

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń bó iṣu. "Mobọ́lá," ni mo wí, "níbo ni kọ́kọ́rọ́ ulé yìí máa ń wà nígbà tí o wà ní kékeré?"

Ó tẹ orí mọ́ aṣọ òtútù tó ń hun.

"Àyà mi ni. Gbogbo ohun tó níyì nínú ulé yìí ti gba àyà mi kọjá, ìwọ náà wà lára wọn. O tilẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ."

Bàbá rẹ̀, Ọbáfẹ́mi ọkọ mi, rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ títí ikọ́ fi dé. Mobọ́lá kó híhun rẹ̀, ó wọlé.

Akínlolú kì í ṣe ọmọ tó lè tàpá sí ìyá rẹ̀. Títílọlá náà sì ní ìgbéraga tirẹ̀, ìgbéraga tó wù mí. "Olólùfẹ́ mi," ló wí fún un, "n kò ní gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé yín. Bí iwájú kò bá ṣí, màá padà sí Òsì, màá sì máa ṣe iṣẹ́ mi lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ọyẹ́ tún dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àṣà kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, kí oòrùn tó yọ, gbogbo ìjọ máa ń gun àpáta tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ó gbàdúrà níbẹ̀, bí oòrùn bá sì ti yọ orí, a ó ya fótò kan ṣoṣo, tí ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ á jókòó láàárín. Àwọn fótò náà tò sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún dé ọdún. Ẹ ó rí mi nínú wọn, láti ìgbà tí mo ti ní ìbàdí tí ènìyàn ń yíjú wò, títí di ìgbà tí ìbàdí náà di ibi tí mo ń jókòó lé lásán.

Lọ́dún náà, ọkọ mi ló dàgbà jù. Orúnkún rẹ̀ ti sọ fún un pé àwọn kò tún ní gun òkè mọ́ lẹ́yìn èyí. Onífótò tí a mọ̀ sì ti kó lọ sí Èkó.

"Títílọlá lè yà á," ni Akínlolú wí.

Mobọ́lá wo orúnkún bàbá rẹ̀. "Ó dáa. Kó wá. Fótò bàbá mi ni o, Akínlolú. Oòrùn kì í yọ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá yà á bó ṣe yẹ, màá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Bó bá bà á jẹ́, má tún dárúkọ rẹ̀ létí mi mọ́."

Títílọlá dé láti Òsì lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó bá mi gún iyán, ó fún àwọn ìbejì níná títí wọ́n fi kún. Lẹ́yìn náà, ó fi súwẹ́tà wé wọn, ó tọ́jú wọn sínú àpò rẹ̀ ní pálọ̀, kí wọ́n má baà tutù, ó sì bá wa lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Mobọ́lá ló kẹ́yìn nílé. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé bátìrì fóònù kan gbiná, ó jó ilé. Ó rí súwẹ́tà tó wé bátìrì, àyà rẹ̀ já. Kò ní ìkà nínú. Bí ẹ bá mọ ọmọ mi, ẹ ó mọ̀ pé bó bá kórìíra yín, á sọ ọ́ lójú yín. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ olódòdó gbá bátìrì méjèèjì mú bí ẹni gbá àkekèé mú, ó kó wọn sórí ògiri fàráńdà níta, níbi tí wọn kò ti lè jó ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn nínú ọyẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó kó wọn padà sínú àpò ọmọbìnrin náà tòun ti áńkáṣíìfù, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti gba gbogbo wa là.

Títílọlá ì bá ti kó wọn sáyà kó tó jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé àpò ni ọkọ mi kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Títílọlá sáré di apá rẹ̀ mú. Láti ibẹ̀ lọ, apá bàbá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Akínlolú di apá ọ̀tún mú, òun di ti òsì, wọ́n ń gùn díẹ̀, wọ́n ń sinmi díẹ̀.

"Ìyàwó," ni ọkọ mi ń pè é lọ́nà, "rọra, mi ò fẹ́ kú lọ́nà fótò."

"Ẹ ò ní kú, Bàbá. Mi ò tíì yà yín."

Èmi wà lẹ́yìn wọn, mò ń mí bí màlúù. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé mi. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kí wọ́n má baà fi ẹ̀yìn ọ̀dọ́ ṣòfò.

Nígbà tí a dé orí àpáta, atẹ́gùn ń gé ni létí. A gbàdúrà, a kọrin. Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A to ara wa, ọkọ mi jókòó láàárín. Títílọlá ti ọwọ́ bọ àpò, ó fọwọ́ kan bátìrì, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n tutù bí òkúta odò.

Ó ki Táíwò bọ kámẹ́rà. Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó ki Kẹ́hìndé bọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Kí ló ṣe é?" "Ṣé kò fún un níná ni?" Mobọ́lá pòṣé. "Mo wí bẹ́ẹ̀," ló sọ, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Bátìrì kú, uṣẹ́ kú. Níwájú bàbá mi!"

Títílọlá wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Áńkáṣíìfù ni, olódòdó. Kò sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tó kó òdòdó yẹn. Ó wo Mobọ́lá. Gbogbo ìjọ ń wo Títílọlá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ.

Ó ká áńkáṣíìfù náà jọ, ó fi sápò, ó gbé orí sókè.

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ló wí. "Òtútù ló mú wọn, wọn ò tíì tán. Oòrùn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ bá mi mú wọn móoru." Ó fẹ́ kó wọn sáyà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti lu òun náà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé.

Mo dìde. "Mú Kẹ́hìndé wá síbí!"

"Màmá Àgbà..." ni Títílọlá bẹ̀rẹ̀.

"Mú un wá, mo wí! Àyà tó tọ́ ọmọ mẹ́fà nìyí. Ó ti wálẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ibi tó wálẹ̀ sí gbóná!" Mo ki bátìrì bọ ibẹ̀, ó tutù débi pé mo fò sókè. Àlùfáà wa wo ojú ọ̀run bíi pé ańgẹ́lì ń kọjá. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Akínlolú gba Táíwò, ó ṣí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó há a mọ́ abíyá, ó sì wo ọmọbìnrin náà lójú. Ẹnìkan dá orin, gbogbo wa gbè é, a ń fún ara mọ́ra.

Ọkọ mi ń wò mí. "Ìyá Mobọ́lá," ló wí, "má jẹ́ kó sọnù síbẹ̀ o. Mo mọ ibẹ̀, ó jìn."

Ibi tí gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín yìí ni etí oòrùn yọ, ó pupa bí epo. "Ẹ mú un wá!" ni Títílọlá ké. Ó gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ kámẹ́rà. Iná tan. Kaṣá! Ó tún yà á. Kaṣá! Kí bátìrì tó tún rẹ̀, oòrùn ti kúrò nílẹ̀, fótò ti wà nínú.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Mobọ́lá wà ní ilé ìdáná, ó ń wá nǹkan. Títílọlá wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Mà, áńkáṣíìfù yín rèé."

Ọmọ mi gbà á. "Níbo lo ti rí i?"

"Lára bátìrì, Mà."

Ọ̀rọ̀ ń wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀, mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Òtútù níta... Èmi ni mo pa wọ́n?"

"Wọn ò kú, Mà. Òtútù ló kàn mú wọn."

"O mọ̀ nígbà tí a wà lókè? Nígbà tí mo ń bú ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Oòrùn ló ń kánjú, Mà. Ẹjọ́ lè dúró." Ó rẹ orí sílẹ̀. "Ẹ̀yin sì ni ìyá ẹni tí mo fẹ́ràn. Mi ò lè dójú tì yín níwájú bàbá yín."

Mobọ́lá jókòó sórí àpótí ìdáná, òun tí kì í jókòó sórí àpótí. 

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n gbé fótò náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni Mobọ́lá tó sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo fótò tó wà lára ògiri yẹn, ojú gbogbo ènìyàn le bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Nínú tiwa, gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, oòrùn wà léjìká wa, ọkọ mi sì la ẹnu láìsí eyín kan níbẹ̀, ó lẹ́wà bí ìkókó. Mobọ́lá dìde, ó na ẹ̀yìn bí ọ̀gá iléèwé.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Èmi ni mo kó bátìrì yẹn síta sùn nínú ọyẹ́. Mo tún bú ọmọ ọlọ́mọ lé e lórí. Ó mọ̀, ó bò mí láṣìírí. Ọmọ Òsì yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ènìyàn tọ́jú. Mo fẹ́ kí gbogbo Ìkọ̀lé mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ọmọ mi ni."

Akínlolú yọ orí láàárín àwọn akọrin. "Mọ́mì, mi ò tíì bi í o!"

"Kí lo wá ń dúró dè? Bi í!"

Ó jáde wá, ojú tì í, ó dúró lábẹ́ fótò náà níwájú Títílọlá. "Títí mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

Títílọlá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé bátìrì ọkọ̀ rẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Mo ti ra tuntun."

"Ó dáa. Màá fẹ́ ọ. Mi ò lè tún ti ọkọ̀ mọ́."

Bí òjò ṣe ń parí lọ́dún náà, ọkọ mi sùn, kò sì jí. Tirẹ̀ tán lóòótọ́, kò sí àyà tó lè mú un móoru padà, bí mo tilẹ̀ gbìyànjú. Fótò ẹ̀rín yẹn ni a gbé ṣíwájú rẹ̀ lọ sí ibojì. Àwọn tó wá bá wa dárò dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń nu omijé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a lọ sí Òsì lọ mú ìyàwó wa wálé. Mobọ́lá gbé ẹ̀bùn kékeré kan dání. Àpò òwú ni, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó ní okùn tí ènìyàn lè fi kọ́ ọrùn, ó sì ní ojú méjì, tí òdòdó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó àwọn ìbejì sínú rẹ̀, ó fi kọ́ Títílọlá lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó rọra tì í wọ inú àyà aṣọ ìyàwó. "Kí ọyẹ́ má tún rí wọn gbé mọ́," ló wí.

Ẹnu ọ̀nà iwájú ni ó gbà wọ ilé wa, ní Ìkọ̀lé, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Akínlolú dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa ń pariwo, ni ọkọ ìyàwó bá sún sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ pa àyà.

"Kí ló le báyìí láàárín wa?"

"Àwọn ọmọ rẹ ni," ni ìyàwó wa wí. "Wọ́n móoru."